Kámẹ́rà Kan Kò Rí Ohun Gbogbo

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni ìtàn fi ń dá àwọn tó ń fi ẹni tó ní kámẹ́rà mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn. Wọn a máa ní ojú méjì péré ni Ẹlẹ́dàá fún ènìyàn, kí ni ọ̀gbẹ́ni yìí wá fẹ́ fi ojú márùn-ún rí? Ẹ̀fẹ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní ọkọ́ ní àdá, ó sì tún ní àáké. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní onínàákúnàá. Agbẹ́gilére kò fi irin iṣẹ́ kan ṣoṣo gbẹ́ ère láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò yíyà. Irú kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ ni ó ń pinnu ohun tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí nínú ayé àwọn tó ti lọ. Ohun tí kámẹ́rà kan kò bá lè rí, yóò di ohun ìgbàgbé, àfi bí òmíràn bá wà nítòsí tí ó lè rí i.

Àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ yìí wà ní ìlú Jos. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí iṣẹ́ wíwa kùsà tí a fi ń ṣe agolo gbilẹ̀ ní orí òkè náà, ni àwọn Yorùbá ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ẹni tó bá wọ pálọ̀ ilé àtijọ́ kan ní àdúgbò Ali Kazaure, tàbí ní àdúgbò mìíràn tí àwọn ọmọ Yorùbá ti gbé pẹ́ ní ìlú náà, lè bá oríṣi fọ́tò márùn-ún lára ògiri kan ṣoṣo. Èkínní ni ti bàbá àgbà nínú agbádá, dúdú àti funfun, tí gbogbo ìlà ojú rẹ̀ hàn kedere. Èkejì jẹ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ìyá nínú gèlè àti ìró. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń jó níbi ìnáwó, tí ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú wọn kò hàn dáadáa nítorí eré tó ń sá. Ẹ̀kẹrin jẹ́ páásípọ́ọ̀tù kékeré tí wọ́n yà ní wéètì-áǹ-gẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀karùn-ún ni aláwọ̀ mèremère tí ọjọ́ ti sọ di pupa rúsúrúsú. Àlejò lè rò pé ọjọ́ orí nìkan ni ó mú kí wọ́n yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n bí ó bá wò ó fínnífínní, yóò rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní irú kámẹ́rà tó bí i. Nítorí náà, kí a tó lè ka ohun tí ògiri yẹn ń sọ, ó yẹ kí a mọ ìtàn àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí.

Èyí tó kọ́kọ́ dé ni kámẹ́rà ńlá onígi. Ní ọdún 1839 ni wọ́n kéde ọgbọ́n tí Daguerre, ará Faransé, dá láti fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ti wà ní Èkó tí wọ́n fi iṣẹ́ náà jẹun. Ọ̀kan nínú wọn ni George S. A. da Costa, tí a bí ní 1853. Ilé ìtàwé àwọn oníjọ CMS ni ó ti ń ṣe alábòójútó tẹ́lẹ̀ kí ó tó gbájú mọ́ fọ́tò ní 1895, àwọn àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1920 lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kámẹ́rà irú ìgbà yẹn wúwo. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ń dúró sí, ayàwòrán a sì máa ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú kí ó tó lè rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Dígí ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, kì í ṣe fíìmù, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọ́dọ̀ mira. Àwòrán tó wà lára dígí náà tóbi tó èyí tí oníbàárà yóò mú lọ sílé. Nítorí náà, wọ́n kàn ń gbé bébà lé e ni, wọ́n á sì fi ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìlú tí kò ní iná mànàmáná pàápàá lè ní ilé ìyafọ́tò.

Ohun tó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni pé irú kámẹ́rà yìí bá ìwà àwọn àgbà Yorùbá mu. Ní 1978, ìwé ìròyìn African Arts tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń lo fọ́tò. Ìlú Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tí ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó rí i pé àgbàlagbà tó bá fẹ́ ya fọ́tò a máa jókòó gbọnyin, a dojú kọ kámẹ́rà, a tẹ́ aṣọ rẹ̀ dáadáa, a sì gbé ọwọ́ lé orúnkún. Kì í ṣe ẹ̀rù ni ó mú un jókòó bẹ́ẹ̀. Ìjókòó ẹni tó mọ ipò ara rẹ̀ láwùjọ ni. Kámẹ́rà tí kò fẹ́ kí ènìyàn mira àti àgbà tí kò fẹ́ kí a rí òun ní ipò yẹ̀yẹ́ pàdé ara wọn, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn.

Níbẹ̀ ni Sprague tún ti rí bí fọ́tò ṣe wọ inú ọ̀rọ̀ ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọ́n lè wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì tún wọ ti obìnrin fún un lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ìdílé kan wà tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ gba ipò ère ìbejì lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni èyí. Kámẹ́rà tó dúró sójú kan, tí kò gbọ̀n, ni ó yẹ irú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kámẹ́rà kékeré ìfàlọ́wọ́ nìkan, ìyá tó ṣọ̀fọ̀ kò ní rí ohun tó wá gbà bọ̀ rọrùn.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ńlá ní àbùkù tirẹ̀. Kò lè lọ sójú agbo. Kò lè bá ọmọdé sáré. Owó rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹni tó kàn fẹ́ràn fọ́tò, tí kò fi í ṣe iṣẹ́, lè sún mọ́ ọn. Ọdún 1900 ni ọ̀ràn yìí yí padà, nígbà tí ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà gbé àpótí kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Brownie. Dọ́là kan ni wọ́n tà á. Ẹni tó bá lè tẹ bọ́tìnnì lè lò ó. Láti ọjọ́ náà ni fọ́tò yíyà ti di eré ọwọ́dilẹ̀ fún tálákà àti ọlọ́rọ̀, tí kò sì tún jẹ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan mọ́.

Ó yani lẹ́nu pé mẹ́ta nínú àwọn ayàwòrán tí òkìkí wọn kàn jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹnu ọ̀nà Brownie yìí ni gbogbo wọn gbà wọlé. Seydou Keïta, ọmọ Bamako ní ilẹ̀ Mali, gba tirẹ̀ ní 1935 nígbà tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan mú un bọ̀ láti Senegal. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Emai ní ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Edo lónìí, ra tirẹ̀ ní 1950; aládùúgbò rẹ̀ kan ni ó sì kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Malick Sidibé, ọmọ Mali bíi Keïta, ra tirẹ̀ ní 1956. Ojú kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá mọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ ni oníkálukú lọ wá kámẹ́rà tí yóò bá a ṣe é.

Ní ti Keïta, ojú àti aṣọ ènìyàn ni ó fẹ́ràn. Ó ṣí ilé ìyafọ́tò ní Bamako ní 1948, ó sì lo kámẹ́rà ńlá tí fíìmù rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 13, tí ó gùn ní 18. Nítorí ọ̀wọ́n fíìmù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń ya ẹnì kan. Kí ó tó tẹ̀ ẹ́, ó ti tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó ti wo ọwọ́ rẹ̀, ó ti wo bí aṣọ ṣe bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò rẹ̀ fi dà bí ohun tí a gbẹ́ sára òkúta. Aṣọ, yẹtí, ilà ojú, gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn lè kà lónìí bí ẹni ń ka ìwé.

Ti Ojeikere yàtọ̀. Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1954 nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba. Lẹ́yìn náà ni ó bá ilé tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ṣiṣẹ́, ó sì lọ sí Èkó ní 1963 láti máa ya fọ́tò fún ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà kan. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dara pọ̀ mọ́ Nigerian Arts Council ní 1967, ó rí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀wẹ̀ sí. Láti 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin: ṣùkú, onílé gogoro, àti irú wọn. Fíìmù onígun mẹ́rin tó dọ́gba ni ó lò, nítorí pé orí ènìyàn bá a mu rẹ́gí, bóyá láti ẹ̀yìn ni tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Ó ya irun tó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó kú ní 2014. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn irun náà, ọwọ́ onídìrí tó mọ̀ ọ́n dì ti di erùpẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé fọ́tò ìpolówó ọjà nìkan ni ó yà, báwo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsinsìnyí yóò ṣe mọ bí wọ́n ṣe rí?

Sidibé ni ó wá fi hàn gbangba pé ẹnì kan lè ní kámẹ́rà púpọ̀ nítorí pé iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Nínú ilé ìyafọ́tò rẹ̀ ní àdúgbò Bagadadji ní Bamako, kámẹ́rà tó ń lo fíìmù onígun mẹ́rin ni ó fi ń ya àwọn tó bá wá jókòó. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú ní òpin ọ̀sẹ̀, a fi ìyẹn sílẹ̀, a gbé kámẹ́rà kékeré tó fúyẹ́ pẹ̀lú fíláàṣì, a sì gba ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lọ níbi tí wọ́n ti ń jó. Mali ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní 1960. Ayọ̀ ìgbà náà wà nínú ijó wọn, nínú bàtà wọn, nínú ẹ̀rín wọn, kò sì sí nínú ìjókòó gbọnyin. Kámẹ́rà Keïta kì bá tí rí i. Sidibé tún mọ kámẹ́rà títúnṣe dáadáa, àwọn èyí tó ti gbó sì kún pẹpẹ inú ilé ìyafọ́tò rẹ̀. Ní 2007, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn kìnnìún oníwúrà ní Venice, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ níbẹ̀.

Yàtọ̀ sí ohun tí ojú rí, ìṣirò owó tún wà nídìí ọ̀ràn yìí. Fíìmù onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní 120, tó ti wà láti 1901, àwòrán 12 péré ni ó ń gbà. Fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọ kámẹ́rà kékeré ń gba 36. Ẹni tó ní 12 a máa ro ó kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní 36 lè dágbá lé ohun tí kò dá a lójú. Àkọ́kọ́ a máa fúnni ní fọ́tò tí a lè sọ di ńlá láìbàjẹ́. Èkejì a máa fúnni ní ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sí èyí tó borí èkejì nínú wọn. Ohun tí ènìyàn fẹ́ rántí ni yóò yan èyí tí yóò gbé.

Àwọn kan lè bi í pé, Pierre Verger ńkọ́? Ìbéèrè tó dára ni. Verger, ará Faransé tí a bí ní 1902, tí wọ́n tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní ilẹ̀ Benin tó sì di Fátúmbí, kò ju oríṣi kámẹ́rà kan lọ tó fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Rolleiflex ni, kámẹ́rà olójú méjì tí a máa ń gbé sí àyà. Ẹni tó ń lò ó kì í gbé e bo ojú; ńṣe ni ó ń tẹrí ba wò ó láti òkè. Fún ẹni tó ń ya àwọn olórìṣà níbi ìjọsìn wọn, ọ̀wọ̀ ńlá ni èyí jẹ́, nítorí pé wọ́n ń rí ojú rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1996, nẹ́gétíìfù tó fi sílẹ̀ lé ní 60,000, ó sì wà ní àbò ní ìlú Salvador ní Brazil lábẹ́ àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìtàn Verger kò tako òwe ìbẹ̀rẹ̀. Ohun kan ni ó yàn láti wá káàkiri òkun, ó sì yan kámẹ́rà tó bá ohun náà mu. Iye kámẹ́rà kọ́ ni ọgbọ́n. Mímọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún ni ọgbọ́n. Ẹni tó ní mẹ́wàá tí kò mọ èyí, ẹrù ni ó kó jọ.

Ọ̀rọ̀ Verger yìí ni ó mú ìtàn padà sí Jos, nítorí pé ó kan ìpamọ́. Ìlú Jos dára fún iṣẹ́ fọ́tò lọ́nà púpọ̀. Ó ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní mítà tó lé ní 1,200, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù. Ní ìlú tó gbóná, omi gbígbóná a máa mú kí ara fíìmù rọ̀ nígbà fífọ̀, àwọn afọfọ́tò a sì máa wá yìnyín kiri. Omi Jos kò fún wọn ní wàhálà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, eruku ọyẹ́ a máa wọ inú kámẹ́rà, ọ̀rinrin ìgbà òjò sì lè mú kí ó hu ewú lójú, ìdí nìyẹn tí olówó kámẹ́rà fi gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń nù ún. Jos kan náà ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe ibùjókòó Nigerian Film Corporation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979. Ní 2016, nínú ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti ìjọba ní ìlú náà, ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa. Wọ́n ti rò pé ó ti sọnù pátápátá. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi han àwọn ènìyàn ní Berlin ní 2018. Bí ẹni tó fi í pamọ́ bá ti gbá a dànù mọ́ pàǹtí, ibo ni à bá ti rí i?

Ìlú kan náà ni ó sì mọ òdìkejì rẹ̀. Nínú rògbòdìyàn oṣù Kẹsàn-án 2001, àti ti oṣù Kọkànlá 2008 tó ṣẹlẹ̀ ní Jos North níbi tí Ali Kazaure wà, ẹ̀mí ṣòfò, iná sì jó ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn ènìyàn a máa ka iye ilé, iye ṣọ́ọ̀bù, iye ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ka fọ́tò. Síbẹ̀, ilé tó jóná ni a lè tún kọ́. Bàbá àgbà tó wà lára ògiri kò ní jókòó fún kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kejì. Ìdílé tó bá ní nẹ́gétíìfù ní ibòmíràn nìkan ni ó lè tún àwòrán rẹ̀ tẹ̀.

Lónìí, fóònù ti gba iṣẹ́ gbogbo kámẹ́rà wọ̀nyẹn ṣe lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ yí fóònù rẹ̀ padà kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀: ojú méjì tàbí mẹ́ta ni ó sábà máa ń bá níbẹ̀, ọ̀kan fún ohun tó jìnnà, ọ̀kan fún ohun tó fẹ̀. Àwọn tó ṣe é pàápàá gbà pé ojú kan kò tó. Ohun tí fóònù kò fúnni ni ìpamọ́. Bí ó bá já bọ́ sínú omi, tàbí tí olè gbé e, fọ́tò ọdún márùn-ún lè bá a lọ lọ́jọ́ kan.

Nítorí náà, olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí kámẹ́rà àtijọ́ nínú àpótí òbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fún ọmọdé fi ṣeré, kò sì gbọdọ̀ jù ú nù. Kí ó wo irú èyí tó jẹ́, kí ó sì bèèrè ohun tí wọ́n fi yà. Kí ó kọ orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹni tó mọ̀ wọ́n ṣì wà láyé. Kí ó tọ́jú nẹ́gétíìfù sí ibi gbígbẹ, kí ó má sì ṣe kó gbogbo rẹ̀ sí ilé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá sì ní kámẹ́rà márùn-ún, kí ó máa lò wọ́n, kí ó má tijú. Ní ọjọ́ iwájú, ọmọ ọmọ ẹnì kan yóò dúró níwájú ògiri kan, yóò máa wá ojú tó jọ tirẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà òní bá rí nìkan ni yóò bá níbẹ̀.